Bí A Ṣe Ń Yan Ìyára Iná àti Ìwọ̀n Ooru fún Sísun Àkọ́kọ́ Ohun Amọ̀

Amọ̀ tí ó gbẹ kò tíì di ìkòkò. Ẹ ju ife amọ̀ tí ẹ ti sá fún odindi ọ̀sẹ̀ kan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, kí ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn ìdajì wákàtí: ẹrẹ̀ ni ẹ óò bá nísàlẹ̀. Iná nìkan ló lè gba amọ̀ lọ́wọ́ omi. Sísun àkọ́kọ́, tí àwa tí a ń mọ ìkòkò ń pè ní bíìsìkì, ni iná tí ó ń sọ amọ̀ di ohun tí kò ní í yọ́ nínú omi mọ́ láéláé. Síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ṣì máa fa omi mu, kí gíléèsì, ìyẹn àpòpọ̀ olómi tí yóò di awọ dídán lára ìkòkò nígbà sísun kejì, lè rí ibi dì mọ́.

Ìbéèrè méjì ló wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ibo ni kí ooru gòkè dé? Báwo ni kí ó ṣe yára tó lójú ọ̀nà? Ti àkọ́kọ́ ni gbogbo ènìyàn máa ń béèrè. Ti èkejì ló ń fọ́ ìkòkò. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi nìyí: gíléèsì ló ń pinnu ibi tí à ń lọ, amọ̀ ló ń pinnu bí a óò ṣe rìn dé ibẹ̀. Dígírì Celsius ni gbogbo ìwọ̀n ooru tí mo lò nísàlẹ̀ yìí.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú amọ̀ bí ooru ṣe ń gòkè

Omi méjì ló wà nínú amọ̀. Èkíní ni omi tí a fi pò ó, èyí tí ó fara pamọ́ sáàárín horo amọ̀ kan sí èkejì. Bí amọ̀ tilẹ̀ ti ṣí àwọ̀, tí ó gbẹ ganrangandan lójú wa, díẹ̀ nínú omi yìí ṣì wà níbẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká fúnra rẹ̀ ní ọ̀rinrin. Bí ooru bá dé 100°C, omi yìí á hó, á di oru, oru omi sì ń gba àyè tí ó ju ìlọ́po 1,600 àyè tí omi náà ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ rò ó wò: omi tí kò ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ, tí a sé mọ́ inú ìdí ìkòkò tí ó nípọn, tí oru rẹ̀ sì ń wá ọ̀nà àbáyọ lójijì. Bí kò bá rí ọ̀nà, á la ọ̀nà fúnra rẹ̀.

Omi kejì wà nínú ìṣẹ̀dá amọ̀ gan-an. Bí a bá sá a sí òòrùn títí ayé, kò ní í jáde. Nínú káólínì, ìyẹn amọ̀ funfun tí kò ní àbùlà, omi yìí tó nǹkan bí ìdá 14 nínú 100 ìwúwo rẹ̀. Láti nǹkan bí 450°C ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde dáadáa, ó sì lè tó 700°C kí ó tó tán. Ẹ̀yìn èyí ni amọ̀ kò lè padà di ẹrẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí ìkòkò fi ń fúyẹ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn bíìsìkì ju bí a ṣe gbé e wọlé lọ.

Láàárín ìrìn àjò yìí kan náà, ní 573°C, kúọ́tísì tí ó wà nínú amọ̀ (ohun kan náà tí ó pọ̀ jù lọ nínú yanrìn) máa ń yí ìtò rẹ̀ padà, á sì fẹ̀ lójijì. Bí ooru bá ń bọ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni yóò ti sún kì. Fífẹ̀ yìí kò burú fúnra rẹ̀. Ohun tó burú ni kí etí kan ìkòkò ti kọjá 573 nígbà tí etí kejì kò tíì dé ibẹ̀, nítorí ọ̀kan ń fẹ̀, èkejì dúró, ibi tí wọ́n ti pàdé á sì là.

Lẹ́yìn èyí, ìdọ̀tí tí ń jóná kù: gbòǹgbò jíjẹrà, ewé, gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tí ilẹ̀ gbé mì kí a tó wa amọ̀ náà. Kábọ́ọ̀nù inú wọn ń jó láti nǹkan bí 300°C, ó sì lè máa bá a lọ títí dé 900°C, bí ó bá rí atẹ́gùn lò. Bí kò bá rí i, á dúró sínú ògiri ìkòkò bí ọkàn dúdú. Láti 900°C lọ sókè, àwọn horo amọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò àárín wọn ń dí, tí ìkòkò sì ń le sí i, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ fa omi mu mọ́.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ yan ibi tí iná yóò dúró sí

Ẹ má fi nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ nìkan ṣe ìpinnu. Ẹ̀rọ tí ń ka ooru kò lè sọ ju bí ẹnu rẹ̀ ṣe gbóná tó ní ìṣẹ́jú yẹn lọ. Amọ̀ kì í dáhùn sí gbígbóná nìkan. Ó ń dáhùn sí gbígbóná pẹ̀lú iye àkókò tí ó fi gbóná. Aṣọ tí a sá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti èyí tí a sá fún wákàtí mẹ́fà, òòrùn kan náà ni wọ́n rí, ṣùgbọ́n gbígbẹ wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Nítorí èyí ni a fi ń lo kóònù. Kóònù jẹ́ ẹyọ tín-ín-rín onímú ṣóńṣó tí wọ́n fi irú ohun tí a fi ń ṣe amọ̀ àti gíléèsì ṣe. Bí ó bá ti jẹ ooru tó, á rọ̀, orí rẹ̀ á sì tẹ̀ wálẹ̀. Hermann Seger ló gbé e jáde ní Jámánì ní 1886, Edward Orton sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1896. Nọ́ńbà ti Orton ni mo ń lò níbí. Odo tí ó ṣáájú nọ́ńbà máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ láàmú, nítorí náà ẹ fi sọ́kàn pé bí nọ́ńbà ẹ̀yìn odo bá ṣe tóbi tó ni ooru rẹ̀ kéré tó. 06 kò gbóná tó 04. Bí ooru bá ń gun òkè ní nǹkan bí dígírì 60 ní wákàtí kan nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, kóònù 06 á tẹ̀ ní àyíká 1000°C, 05 ní àyíká 1030°C, 04 ní àyíká 1060°C. Bí ẹ bá yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ooru gbọ́dọ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ kí kóònù kan náà tó tẹ̀.

Èwo nínú wọn wá ni kí a mú?

Bí ẹ bá fẹ́ sun ohun náà lẹ́ẹ̀kejì ní ooru gíga, bóyá kóònù 6, tí í ṣe nǹkan bí 1220°C, tàbí kóònù 10, tí ó sún mọ́ 1300°C, àárín 06 sí 04 ni kí bíìsìkì yín wà. Amọ̀ funfun tó mọ́, tí kò ní ìdọ̀tí púpọ̀, 06 tó o. Amọ̀ pupa tàbí dúdú tí irin àti kábọ́ọ̀nù pọ̀ nínú rẹ̀, èmi kì í sun ún kéré sí 04. Bí mi ò bá mọ amọ̀ kan dáadáa, 04 náà ni mo máa ń mú, nítorí ìkòkò tí kò fa gíléèsì mu tó ṣì ní àtúnṣe: ẹ lè jẹ́ kí gíléèsì ki sí i, tàbí kí ẹ yá ìkòkò náà lórí iná díẹ̀ kí ẹ tó kùn ún. Kábọ́ọ̀nù tí kò jó tán kì í jẹ́ ká mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ títí ó fi ba gíléèsì jẹ́.

Bí ó bá jẹ́ amọ̀ tí a ń sun ní ooru kékeré ni, tí gíléèsì rẹ̀ ń yọ́ ní 06 tàbí 05, ẹ jẹ́ kí sísun àkọ́kọ́ ga ju ti ẹ̀ẹ̀kejì lọ. Ẹ sun bíìsìkì dé 04, kí ẹ wá sun gíléèsì ní 06. Ó lè jọ pé a dorí rẹ̀ kodò, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ṣe kedere: gbogbo èéfín àti afẹ́fẹ́ tí yóò jáde lára amọ̀ ti jáde tán kí gíléèsì tó bò ó. Bí ẹ bá sun àkọ́kọ́ kéré sí èkejì, ohun tó ṣẹ́kù nínú amọ̀ á jáde gba inú gíléèsì tí ó ti yọ́, á sì lu ihò wínníwínní sí i lára.

Àwọn ohun tí a óò fi ẹ̀mú fà yọ nínú iná nígbà tí wọ́n ṣì ń pọ́n wẹ̀ẹ̀ ní tiwọn fẹ́ ara tí kò dí púpọ̀, tí ó lè fara da kí ooru yí padà lójijì. 08 sí 06 ló dára fún irú wọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ rí i dájú pé ó gbẹ

Ojú kì í sọ òótọ́ lórí èyí. Ẹ gbé ìdí ìkòkò lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín; bí ó bá tutù ju ara ògiri ilé tàbí tábìlì tí ó wà nítòsí lọ, omi ṣì ń fẹ́ kúrò lára rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí dára fún ife àti àwo. Fún ohun tí ó nípọn, ìwọ̀n ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ wọ̀n ọ́n láràárọ̀, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìwúwo rẹ̀ bá dúró lójú kan fún ọjọ́ méjì léra, ó ti gbẹ dé ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbẹ ẹ́ dé. Ìyókù, iná ni yóò ṣe é.

Ẹ wo ibi tí ó nípọn jù lọ lára ohun tí ẹ fẹ́ sun, kí ẹ sì fi ibẹ̀ ṣe ìṣirò. Ìkòkò tí ògiri rẹ̀ kò ju mílímítà 6 lọ, ṣùgbọ́n tí ìdí rẹ̀ tó mílímítà 20, ti mílímítà 20 ni ẹ óò tẹ̀ lé. Bí ọ̀nà tí omi ní láti rìn bá di ìlọ́po méjì, àkókò tí yóò fi jáde máa ń sún mọ́ ìlọ́po mẹ́rin. Ibi tí a ti lẹ etí ife mọ́ ara ife, ìsàlẹ̀ ìdérí, inú ère tí a kò gbẹ́: ibẹ̀ ni omi máa ń sá pamọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn fún mi láti sọ. Ìkòkò ńlá kan wà tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin mọ, tí ìdí rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin nítorí mo fẹ́ kó dúró gbọn-in. Mo fi ọwọ́ kàn án, ó gbẹ. Mo gbé e sínú ìléru láàárín abọ́ mọ́kànlá, mo sì jẹ́ kí iná máa lọ ní dígírì 100 ní wákàtí kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò tíì pé wákàtí méjì tí mo gbọ́ ìró kan, gbì, bí ẹni fi ìkúùkù lu ilẹ̀kùn onírin. Nígbà tí mo ṣí ìléru lọ́jọ́ kejì, ògiri ìkòkò náà ṣì dúró, ẹnu rẹ̀ ṣì yípo dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní ìdí mọ́. Ìdí náà ti ya lẹ́pa lẹ́pa bí èèpo igi, àwọn èérún rẹ̀ ti fọ́n ká inú gbogbo abọ́, ọ̀kan sì há sáàárín wáyà iná. Abọ́ mẹ́ta nìkan ni mo rí mú nínú mọ́kànlá. Láti ọjọ́ náà, n kì í bẹ̀rẹ̀ ní dígírì 100 fún ohunkóhun.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ to ìléru

Ní bíìsìkì, kò sí gíléèsì tí yóò lẹ nǹkan mọ́ra, nítorí náà àwọn ohun amọ̀ lè fara kan ara wọn. Ẹ lè to abọ́ sínú abọ́, kí ẹ sì to ife sórí ife, ẹnu dojú kọ ẹnu, ìdí lé ìdí. Ohun tó wúwo ni kó wà nísàlẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún ni kí ẹ to àwo méje léra wọn bí ẹni to ìwé: àárín wọn kò ní í rí atẹ́gùn, kábọ́ọ̀nù kò sì ní í jó tán níbẹ̀. Ẹ má sì ti ohun tó nípọn mọ́ wáyà iná, nítorí etí kan rẹ̀ á gbóná ju èkejì lọ.

Ẹ to kóònù mẹ́ta sí ojú ihò tí ẹ ti lè rí wọn, ọ̀kan ṣáájú, ọ̀kan fún ibi tí ẹ ń lọ, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ sí 04, ẹ to 05, 04 àti 03. Ẹ má gbé wọn nàró ṣánṣán. Wọ́n gbọ́dọ̀ fì díẹ̀ síbi tí ẹ fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ sí. Bí 05 bá ti sùn, tí orí 04 ti tẹ̀ wálẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí ara rẹ̀, tí 03 sì ṣì dúró, ẹ ti dé. Ó dára kí ẹ tún fi irú mẹ́ta yìí sí orí pẹpẹ ìsàlẹ̀ àti ti òkè, bí ẹ kò tilẹ̀ ní rí wọn títí ẹ ó fi ṣí ìléru. Wọ́n á sọ fún yín bóyá òkè àti ìsàlẹ̀ gbóná dọ́gba, ìròyìn yẹn sì máa wúlò fún gbogbo sísun tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yan ìyára

Ohun tí mo máa ń lò nìyí fún ìléru oníná mànàmáná tí mo to oríṣiríṣi ohun sí, tí èyí tó nípọn jù nínú wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀ lọ:

- Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé 90°C: dígírì 40 ní wákàtí kan. Kí ó dúró síbẹ̀ fún wákàtí 3.
- 90 dé 250°C: dígírì 60 ní wákàtí kan.
- 250 dé 500°C: dígírì 100 ní wákàtí kan.
- 500 dé 620°C: dígírì 60 ní wákàtí kan.
- 620 dé 880°C: dígírì 100 ní wákàtí kan.
- 880 dé 1060°C, títí kóònù 04 yóò fi tẹ̀: dígírì 60 ní wákàtí kan.

Gbogbo rẹ̀ lé díẹ̀ ní wákàtí 17. Bí ẹ bá ń dúró ní 06, ẹ pa á ní àyíká 1000°C.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀ yín jù lọ ni ìdúró 90°C yẹn. Kò sí ìpele mìíràn nínú gbogbo iṣẹ́ yìí tí ó ń gba ẹ̀mí ìkòkò là bíi tirẹ̀. Ní 90°C, omi gbóná tó láti máa fẹ́ kúrò, ṣùgbọ́n kò tíì hó, nítorí náà kò lè bú. Ohunkóhun tí ẹ bá rò pé ó gbẹ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti gbẹ ní tòótọ́. Ẹ ṣí ihò òkè sílẹ̀, tàbí kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣí ìdérí ìléru ní ìwọ̀n ìka kan, kí oru lè rí ọ̀nà lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó tó, ẹ mú dígí tó tutù, kí ẹ gbé e sí ẹnu ihò náà fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí ẹ sì yọ ọ́ wò. Bí ó bá ní ìrì lójú, omi ṣì ń jáde. Ẹ ní sùúrù. Bí ojú rẹ̀ bá mọ́ kedere, tí ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀mejì ní ìdajì wákàtí síra, ẹ lè máa lọ. Èmi kì í wo aago ní ìpele yìí, dígí ni mò ń wò. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Láti 250 lọ, ewu bíbú ti kọjá, ẹ lè yára díẹ̀. Ẹ má ti ihò òkè pa síbẹ̀. Òórùn tí ẹ óò máa gbọ́ láti ìhín lọ, bí ìgbà tí ewé ń jó, nígbà mìíràn bí imí ọjọ́, ni ìdọ̀tí inú amọ̀ tí ń jáde. Èéfín yìí kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, gáàsì kan tí kò ní òórùn rárá tí ó sì lè pani sì máa ń wà nínú rẹ̀, nítorí náà ìléru kò gbọ́dọ̀ wà níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti lè wọlé kí ó sì jáde, kí ẹnikẹ́ni má sì sùn sí yàrá tí ó wà.

Àárín 500 sí 620 ni 573 wà, ìdí sì nìyí tí mo fi dín ìyára kù níbẹ̀. Àwọn kan máa ń kọjá níbẹ̀ ní dígírì 100 tí ohunkóhun kì í ṣe wọ́n, bí ohun tí wọ́n ń sun bá kéré, tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Àwo fẹ̀ǹfẹ̀ kò ní gbà bẹ́ẹ̀ fún yín, nítorí etí rẹ̀ ń gbóná, àárín rẹ̀ tí ó jókòó lé pẹpẹ sì ṣì tutù.

Bí amọ̀ yín bá pupa tàbí dúdú, ẹ fi kún àkókò tí ẹ ń lò láàárín 700 sí 900. Èmi máa ń rìn ní dígírì 50 ní wákàtí kan níbẹ̀, tàbí kí n jẹ́ kó dúró ní 880°C fún wákàtí kan sí méjì. Lẹ́yìn 900, ihò ara amọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dí, ohun tí kò bá tíì jáde á há. Inú ìléru á ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú nígbà náà, kó tó di àwọ̀ ọsàn bí ó bá ti ń sún mọ́ 1000. Bí ẹ bá fẹ́ yọjú wo kóònù, ẹ fi awò dúdú tí a ṣe fún wíwo iná sójú, kì í ṣe awò òòrùn lásán.

Ìdí tí mo fi ní kí ìpele ìkẹyìn lọ ní dígírì 60 ni pé kóònù àti ìkòkò á jẹ ooru pọ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ ìléru á sì ní àǹfààní láti bá ara wọn dọ́gba. Bí òkè àti ìsàlẹ̀ tiyín kò bá dọ́gba síbẹ̀, ẹ fi ìdúró ìṣẹ́jú 10 sí 15 kún un ní ìparí, ṣùgbọ́n kí ẹ dín ooru ìkẹyìn kù díẹ̀, nítorí ìdúró náà ń bá ooru ṣiṣẹ́.

Bí ohun tí ẹ fẹ́ sun kò bá rí bẹ́ẹ̀

Bí gbogbo inú ìléru bá jẹ́ ife àti abọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gbẹ dénú, ẹ lè yára ju ti òkè yìí lọ: dígírì 60 dé 90°C, ìdúró wákàtí kan, 100 dé 600, 150 dé 900, 80 dé òpin. Nǹkan bí wákàtí 11 ni.

Ère tí ó nípọn sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí mẹ́rin fẹ́ ọjọ́ kan àtààbọ̀. Dígírì 20 dé 90°C, kí ó sùn síbẹ̀ fún wákàtí 12, 25 dé 250, 50 dé 620, 80 dé 880, 50 dé òpin. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ gbẹ́ inú rẹ̀ kí ó tó gbẹ, kí ẹ sì lu ihò kékeré sí i níbi tí ojú kò ti ní rí i. Gbogbo ibi tó ṣófo nínú ère gbọ́dọ̀ ní ihò sí ìta.

Bí ìléru yín bá jẹ́ ti ìgbàanì, tí kò ní ju bọ́tìnnì mẹ́ta lọ, ẹ fi sí èyí tó kéré jù pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí díẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán, tàbí mọ́jú. Ẹ ti ìdérí, kí ẹ fi wákàtí méjì kún un. Ẹ bọ́ sí ti àárín fún wákàtí mẹ́ta. Kí ẹ tó wá gbé e sí èyí tó ga jù títí kóònù yóò fi tẹ̀.

Ẹni tí ń fi gáàsì tàbí igi sun ní iṣẹ́ mìíràn láti ṣe, nítorí iná fúnra rẹ̀ ń jẹ atẹ́gùn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ṣí dáadáa, kí ahọ́n iná mọ́, kí èéfín dúdú má sì máa tú jáde. Bí iná bá ń wá atẹ́gùn tí kò rí, á gbà á lára irin tí ó wà nínú amọ̀. Irú irin bẹ́ẹ̀ á wá máa yọ́ ṣáájú àkókò, ìkòkò á sì wú bọ̀ǹtì nígbà sísun kejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, iná kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà nìkan tó fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin.

Títutù

Ẹ pa iná, ẹ ti gbogbo ihò, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ìléru tí bíríkì rẹ̀ nípọn á tutù ní ìwọ̀n tirẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹ ní láti ṣe. Ẹ rántí pé a óò tún kọjá 573 ní bíbọ̀ sílẹ̀, nígbà yìí kúọ́tísì ń sún kì. Ẹni tó bá ṣí ìdérí ní 500 tàbí 600 kí ó lè rí iṣẹ́ rẹ̀ lè gbọ́ ìró tín-ín tín-ín, tí ó jẹ́ ìró ìkòkò tó ń sán. Èmi kì í ṣí i títí yóò fi wálẹ̀ sí 100, bí ìkánjú bá sì wà, mo máa ń ṣí ihò òkè nìkan ní 200.

Ohun tí ìkòkò yóò sọ fún yín nígbà tí ẹ bá gbé e jáde

Ẹ fi ìka kàn án: ó yẹ kó dún kedere, kì í ṣe dùm. Ẹ fi ahọ́n kan ìdí rẹ̀: ó yẹ kó fà mọ́ ahọ́n yín díẹ̀. Bí ẹ bá kán omi sí i, kí omi náà wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bí ó bá jókòó bí ìrì lórí ewé kókò, bíìsìkì náà ti gbóná jù, gíléèsì yóò ṣàn kúrò lára rẹ̀. Bí ó bá wọlé kí ẹ tó ṣẹ́jú, tí ojú amọ̀ sì ń bó bí ẹ bá fi èékánná ha á, kò gbóná tó, gíléèsì yóò nípọn jù lára rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ nọ́ńbà, ẹ wọn àpáàdì kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹ rì í sómi mọ́jú, ẹ nù ún, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ gíráàmù 100 tẹ́lẹ̀, tí ó wá di 112, ó fa ìdá 12 nínú 100. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kóònù tí ẹ lò. Lẹ́yìn sísun mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ óò mọ iye tí gíléèsì tiyín fẹ́ràn.

Ẹ fọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ti bàjẹ́, kí ẹ wo àárín ògiri rẹ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà láti ìta dé inú, ẹ ṣe é dáadáa. Bí ìlà dúdú tàbí eléérú bá wà láàárín, ẹ yára jù láàárín 700 sí 900, tàbí afẹ́fẹ́ kò tó.

Ojú ìsán náà ń sọ ìtàn. Ìsán tó ṣí gbàgàdà lẹ́nu ìkòkò, tó ń tínrín bọ̀ wálẹ̀, ti wà láti ìgbà gbígbẹ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ iná. Èyí tó tín-ín-rín bí irun, tí ẹ kò rí àyàfi tí ẹ fi omi nù ún, ìgbà títutù ló ṣẹlẹ̀. Ìdí tó ya lẹ́pa, omi ni. Bí ìkòkò tó jáde láìní àbàwọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta páá páá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tí ihò kékeré tó ní ẹyọ funfun nísàlẹ̀ sì yọ lára rẹ̀, ìyára iná kọ́ ló fà á: òkúta ẹfun ló wà nínú amọ̀, ó ti jóná di ẹfun gbígbẹ, ó wá ń fa ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ mu, ó ń wú. Amọ̀ yẹn ni kí ẹ fi asẹ́ tó dí jọ̀ kí ẹ tó tún un mọ.

Àwọn tó bá yege, ẹ fi kànrìnkàn tútù nu eruku ara wọn, kí ẹ jẹ́ kí omi náà fẹ́ kúrò títí dọjọ́ kejì, kí gíléèsì tó kàn wọ́n.